Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú bí a ṣe ń sọ ìtàn ìkọlù Paris ọdún 2015

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2015, ikọ̀ mẹ́ta jáde láti pààyàn ní ìlú Paris àti ní Saint-Denis tó bá a pààlà. Àwọn kan fi bọ́ǹbù tí wọ́n dì mọ́ra para wọn lẹ́bàá pápá ìṣeré Stade de France, níbi tí Faransé àti Jámánì ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí Ààrẹ François Hollande sì ń wòran. Àwọn kan ń fi ọkọ̀ kiri òpópónà, wọ́n ń yìnbọn lu àwọn tó jókòó síta ní ilé oúnjẹ àti ilé ọtí. Àwọn mẹ́ta yòókù wọ gbọ̀ngàn orin Bataclan, ibẹ̀ nìkan ni ènìyàn 90 sì kú sí. Ẹni 130 ni ikọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa lápapọ̀, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì lé ní 400. Ẹgbẹ́ Islamic State, tó jókòó sí Síríà àti Ìráàkì nígbà náà, sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Gbogbo ayé ló gbọ́ ìtàn náà, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sọ ọ́ ń bo ohun tó yẹ kí a rí nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ilé aṣòfin Faransé gbé kalẹ̀, èyí tí Georges Fenech darí tí Sébastien Pietrasanta sì kọ àbọ̀ rẹ̀, gbé àbájáde rẹ̀ síta ní oṣù keje ọdún 2016. Ẹjọ́ ńlá tó wáyé ní Paris láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 títí di oṣù kẹfà ọdún 2022 sì tún tú ọ̀pọ̀ nǹkan síta. Ohun tí méjèèjì fi hàn ni pé ìròyìn nípa àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò wọ́n lọ́wọ́ ìjọba rárá. Díẹ̀ wà ní Brussels, díẹ̀ wà ní Paris, díẹ̀ wà ní Ankara, díẹ̀ wà ní Athens, kò sì sí ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan kí alẹ́ ọjọ́ náà tó lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé, tó fẹ́ kọ́ni, tàbí tó fẹ́ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àṣìṣe tó yẹ kó yẹra fún ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ má ṣe sọ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n rí

Èyí ni àṣìṣe tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ènìyàn: pé àwọn apànìyàn náà yọ lójijì láti inú òkùnkùn, pé kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan tó gbọ́ orúkọ wọn rí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn mẹ́ta tó wọ Bataclan. Samy Amimour, ọmọkùnrin tó dàgbà ní Drancy tó sì ti wa bọ́ọ̀sì èrò ní Paris, ti wà lọ́wọ́ adájọ́ láti ọdún 2012, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń gbìmọ̀ láti lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí ní Yẹ́mẹ̀n. Wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú májẹ̀mú pé kó máa yọjú sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ó ti gba Tọ́kì kọjá sí Síríà, ẹ̀yìn tó lọ tán ni wọ́n kọ ìwé àṣẹ láti mú un. Omar Ismaïl Mostefaï ti wà nínú àkọsílẹ̀ S, èyí tí Faransé ń kọ orúkọ àwọn tí ìwà wọn ń kọni lóminú sí, láti ọdún 2010. Ìjọba Tọ́kì sì sọ lẹ́yìn ìkọlù náà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn kọ̀wé sí Faransé nípa rẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 2014 àti ní oṣù kẹfà ọdún 2015, tí àwọn kò sì rí èsì gbà títí ẹ̀jẹ̀ fi ta sílẹ̀. Foued Mohamed-Aggad bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan láti agbègbè Strasbourg lọ sí Síríà ní ìparí ọdún 2013. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá wọn lọ padà wálé, ọlọ́pàá mú un ní ọdún 2014, nítorí náà kì í ṣe pé ìjọba kò mọ ẹni tó ṣẹ́kù sọ́hùn-ún.

Ti Abdelhamid Abaaoud, ẹni tó darí ikọ̀ náà ní Yúróòpù, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Mòrókò ni, Molenbeek ní Brussels ló sì ti dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, ó mú àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 lọ sí Síríà. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, fídíò kan jáde níbi tí ó ti ń fi ọkọ̀ wọ́ òkú ènìyàn nílẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2015, nígbà tí ọlọ́pàá Bẹ́ljíọ̀mù ya wọ ilé kan ní Verviers tí wọ́n sì pa méjì nínú àwọn agbésùnmọ̀mí tó wà níbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé Abaaoud ló ń darí wọn láti orí fóònù ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ọlọ́pàá Gíríìsì wá a lọ sí ilé ní Athens, ó ti sá lọ, àmì DNA rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó jókòó nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Islamic State, ó ń yangàn pé ọlọ́pàá kan dá òun dúró, ó wo àwòrán òun, ó sì jẹ́ kí òun lọ. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ ní Brussels dá ẹ̀wọ̀n 20 ọdún fún un láìsí lójú ẹjọ́. Síbẹ̀, títí tí ìkọlù fi ṣẹlẹ̀, Faransé gbà pé Síríà ló wà. Bernard Cazeneuve, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn, sọ ọ́ ní gbangba pé orílẹ̀-èdè kankan ní Yúróòpù kò sọ fún àwọn pé ọkùnrin náà ti padà wọlé, àti pé ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, ìyẹn ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìkọlù náà, ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orílẹ̀-èdè kan tí kò sí ní Yúróòpù ṣẹ̀ṣẹ̀ wí fún wọn pé ó ti gba Gíríìsì kọjá.

Ẹ wo ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Brahim àti Salah Abdeslam náà, tí àwọn méjèèjì wà nínú ikọ̀ ìkọlù yìí. Brahim gbìyànjú láti lọ sí Síríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, Tọ́kì dá a padà, ọlọ́pàá Bẹ́ljíọ̀mù fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì gba ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ọlọ́pàá ilẹ̀ náà rí i lẹ́yìn náà pé wọn kò yẹ ẹ̀rọ náà wò bó ṣe yẹ, àti pé wọ́n pa fáìlì ọ̀rọ̀ wọn tì nítorí pé iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Bíi oṣù kan kí ìkọlù náà tó wáyé, Françoise Schepmans, tí í ṣe olórí ìjọba ìbílẹ̀ Molenbeek, gba ìwé kan tí orúkọ àwọn afurasí tó lé ní 80 wà nínú rẹ̀. Orúkọ Abaaoud wà níbẹ̀, ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Abdeslam náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n sọ nígbà tó yá pé ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ló ni iṣẹ́ àtimáa ṣọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Lójú òfin, òótọ́ ni wọ́n sọ, èyí gan-an ló sì yẹ kó máa ba ènìyàn lẹ́rù.

Ó tún kù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Reda Hame, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Raqqa ní Síríà dé, sọ fún àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní Paris pé Abaaoud ló rán òun níṣẹ́, àti pé irú ibi tí wọ́n ń wá láti kọlù ni ibi tí èrò pọ̀ sí, bí àpẹẹrẹ ibi tí wọ́n ti ń kọrin. Oṣù mẹ́ta ló wà láàárín ọ̀rọ̀ yìí àti Bataclan.

Ẹ má sì ṣe gùn lé ọgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀ràn

Ẹni tó bá ka ohun tí mo kọ sókè yìí tán lè fò sínú kòtò kejì, kó sọ pé ọ̀lẹ tàbí òmùgọ̀ ni gbogbo ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tí a bá ti mọ orúkọ àwọn mẹ́sàn-án tó kú sẹ́nu iṣẹ́ burúkú náà, ó rọrùn láti padà sẹ́yìn ká ṣa àmì wọn jọ. Ẹni tó jókòó sídìí iṣẹ́ náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2015 kò rí mẹ́sàn-án. Manuel Valls, olóòtú ìjọba Faransé nígbà náà, sọ pé bíi 10,500 ènìyàn ni wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀ S nítorí ìbátan pẹ̀lú ẹgbẹ́ agbawèrèmẹ́sìn. Láti ṣọ́ ẹyọ ẹnì kan tọ̀sán-tòru, ó ń gba bí òṣìṣẹ́ 20. Kí òǹkàwé ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Bẹ́ljíọ̀mù kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní 400 ọmọ ilẹ̀ náà tó sì ti lọ jà ní Síríà.

Nítorí náà, bíbéèrè pé “ta ló mọ̀ ọ́n?” kò tó. Ẹ béèrè ibi tí ohun tí ẹni náà mọ̀ dúró sí. Àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìkọlù náà. Salah Abdeslam, ẹni tó fi ọkọ̀ gbé àwọn tó lọ sí Stade de France, wà nínú ọkọ̀ kan pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tó wá gbé e láti Brussels. Àwọn agbófinró Faransé dá wọn dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀ nítòsí Cambrai, wọ́n yẹ ìwé wọn wò, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sínú àkọsílẹ̀ àpapọ̀ ti Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ṣí ẹnubodè sílẹ̀ fún ara wọn. Orúkọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọ̀daràn lásán ni Bẹ́ljíọ̀mù kọ sí i níwájú, kò sí ìgbésùnmọ̀mí níbẹ̀. Wọ́n dá wọn dúró fún bí ìdajì wákàtí, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí Brussels fi máa fèsì pé ọkùnrin yìí ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ agbawèrèmẹ́sìn, ọkọ̀ náà ti kọjá. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó mú un ní Molenbeek. Agbófinró tó dúró lójú ọ̀nà ṣe ohun tí òfin ní kó ṣe, ẹni tó kọ orúkọ náà sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kó tẹ̀lé orúkọ náà ni kò tẹ̀lé e.

Ẹ má ṣe di gbogbo ẹ̀bi lé ogúnléndé lórí

Nígbà tí wọ́n rí pásípọ́ọ̀tù Síríà kan lẹ́bàá òkú ọ̀kan nínú àwọn tó para wọn ní Stade de France, àwọn olóṣèlú kan ní Yúróòpù kò dúró kí ìwádìí parí kí wọ́n tó kígbe pé kí wọ́n ti ẹnubodè pa mọ́ àwọn tó ń sá fún ogun. Ayédèrú ni pásípọ́ọ̀tù náà. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ àti ẹnì kejì rẹ̀ gba erékùṣù Leros ní Gíríìsì wọlé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2015 láàárín àwọn ogúnléndé, wọ́n tẹ̀ka níbẹ̀, ìwádìí sì fi hàn lẹ́yìn náà pé ọmọ Ìráàkì ni àwọn méjèèjì. Àwọn méje yòókù tó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà tàbí nígbà tí ọlọ́pàá ká wọn mọ́lé ní Saint-Denis jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé tàbí ti Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n lọ sí ilé ìwé níbẹ̀, wọ́n sì mọ ìgboro náà dáadáa.

Kò yẹ kí a tún wá sọ pé ọ̀nà ogúnléndé kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, torí irọ́ nìyẹn náà. Èrò tó ń wọ́ gba Gíríìsì àti àwọn orílẹ̀-èdè Balkan kọjá lọ́dún náà ni ọ̀pọ̀ nínú ikọ̀ yìí fara pa mọ́ sí láti padà sí Yúróòpù, pẹ̀lú ìwé tí kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjì mìíràn, ọmọ Àljéríà kan àti ọmọ Pakísítánì kan, tí àwọn àti àwọn ọmọ Ìráàkì yẹn jọ wá. Àwọn òṣìṣẹ́ Gíríìsì rí i pé ayédèrú ni ìwé wọn, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé. Ìdádúró yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n dé Paris kí ọjọ́ náà tó pé, Salzburg ní Ọ́sítríà ni wọ́n sì ti mú wọn ní oṣù kejìlá. Ọwọ́ tẹ irọ́ inú ìwé, ohun tí ìwé náà wà fún ni ẹnikẹ́ni kò béèrè, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ láti máa bá ọ̀nà wọn lọ.

Ohun tó yẹ kí a gbájú mọ́ ni ìrìn inú Yúróòpù fúnra rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gba físà Schengen rí mọ bó ṣe rí: bí ènìyàn bá ti wọ orílẹ̀-èdè kan, kò sí ẹni tí yóò tún bi í léèrè ní ẹnubodè tó kàn. Fáìlì ọlọ́pàá kò ní irú físà bẹ́ẹ̀. Láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ọdún 2015, Salah Abdeslam yá ọkọ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó wà á lọ sí Húngárì àti sí Ulm ní Jámánì, ó sì kó àwọn tó ti Síríà dé wá sí Brussels. Nínú oṣù kẹsàn-án, ọlọ́pàá Ọ́sítríà dá a dúró pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí wọ́n mú ayédèrú káàdì ìdánimọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ń lọ fi ìsinmi ṣeré ní Vienna, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ni Najim Laachraoui, ẹni tí wọ́n rí àmì DNA rẹ̀ lára bọ́ǹbù tí wọ́n lò ní Paris. Ilé tí wọ́n ti ṣe bọ́ǹbù náà wà ní Schaerbeek, ilé tí wọ́n sá pamọ́ sí wà ní Charleroi àti Auvelais, ibi tí wọ́n sùn mọ́jú ọjọ́ ìkọlù sì wà ní Bobigny àti Alfortville lẹ́bàá Paris. Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti yá ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n lò. Ọlọ́pàá Faransé tó bá ń ṣọ́ ìgboro Paris nìkan kò lè rí nǹkan kan nínú gbogbo èyí.

Nílé gan-an, Bẹ́ljíọ̀mù ní ìdíwọ́ tirẹ̀. Brussels jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ 19, ọlọ́pàá rẹ̀ sì pín sí ẹkùn mẹ́fà. Òfin ilẹ̀ náà nígbà náà kò gbà kí ọlọ́pàá túlé láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago márùn-ún òwúrọ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n yí i padà fún ọ̀ràn ìgbésùnmọ̀mí. Ní ti Molenbeek, èyí tí àwọn oníròyìn sọ di orúkọ ìbúni, ó lé ní 90,000 ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kí a máa fi orúkọ ikọ̀ kan pe gbogbo wọn.

Ẹ má ṣe wá ọ̀gá kan ṣoṣo

Lẹ́yìn tí Abaaoud kú, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé orí ejò náà ti gé. Ó fẹ́ràn àwòrán, ó fẹ́ràn kí a dárúkọ òun, nítorí náà òun ni gbogbo ojú ń wò. Ìwádìí fi hàn pé Síríà ni àṣẹ ti wá, lọ́wọ́ àwọn tó ga jù ú lọ. Ẹni tí ilé ẹjọ́ Paris kà sí olùdarí iṣẹ́ náà láti ọ̀hún ni Oussama Atar, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń pe ara rẹ̀ ní Abou Ahmed. Wọ́n ti mú Atar ní Ìráàkì ní ọdún 2005, ó wà ní ẹ̀wọ̀n níbẹ̀ títí di ọdún 2012, lẹ́yìn tí àwọn ẹbí rẹ̀ àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn ti bẹ̀bẹ̀ fún un. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò El Bakraoui, tí a óò dé orí ọ̀kan nínú wọn láìpẹ́, jẹ́ ìbátan rẹ̀. Wọ́n gbà pé ó ti kú sí Síríà nígbà tí wọ́n dá a lẹ́bi.

Ẹni tó bá ń wá ọ̀gá kan ṣoṣo kì í rí àwọn ènìyàn kékeré tó mú kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe: ẹni tó ṣe ayédèrú káàdì, ẹni tó háyà ilé, ẹni tó wa ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àdúgbò kan náà, ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ láti ìgbà èwe, àwọn mìíràn sì jọ jalè tàbí jọ ta igbó kí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó wọ̀ ọ́ rárá. Ilé ọtí tí Brahim ní ní Molenbeek, nítorí oògùn olóró ni ìjọba ṣe tì í pa ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó lọ para rẹ̀ ní Paris. Ẹ̀ka tó ń gbógun ti oògùn olóró ní ìròyìn tirẹ̀, ẹ̀ka tó ń gbógun ti ìgbésùnmọ̀mí ní tirẹ̀, lábẹ́ òrùlé orílẹ̀-èdè kan náà.

Ẹ má ṣe di gbogbo rẹ̀ ru ẹ̀rọ àti owó

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn ìkọlù náà tí àwọn aláṣẹ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ ló fọ́ àwọn lójú. Fóònù tí wọ́n bá nínú àpótí ìdọ̀tí lẹ́bàá Bataclan sọ nǹkan tó yàtọ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, tí kò ní ìbòjú kankan, ni wọ́n fi sọ fún ẹni tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lo ètò Telegram pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù ni pé wọ́n ń ra fóònù tuntun, wọ́n ń lò ó díẹ̀, wọ́n sì ń jù ú nù. Ẹnu ènìyàn ni wọ́n sì ti gbọ́ ibi tí Abaaoud fara pa mọ́ sí: obìnrin kan ló pe ọlọ́pàá.

Ní ti owó, mínísítà ètò ìnáwó Faransé sọ nígbà náà pé gbogbo rẹ̀ kò ju 30,000 owó Yúrò lọ, àwọn olùṣèwádìí sì gbé e sókè lẹ́yìn náà dé bíi 80,000. Èyíkéyìí tí a bá mú, owó tó lè gba ọwọ́ ọmọ ìta kọjá láìsí báńkì tó máa fura ni.

Ẹ má ṣe parí ìtàn náà sí Saint-Denis

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, Abaaoud kú nígbà tí ọlọ́pàá ká a mọ́lé ní Saint-Denis, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé sì máa ń dánu dúró níbẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú ikọ̀ náà wà ní Brussels. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2016 ni wọ́n mú Salah Abdeslam. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, bọ́ǹbù bú ní pápákọ̀ òfurufú Zaventem àti nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ibùdó Maelbeek, ènìyàn 32 sì kú. Laachraoui tó ṣe bọ́ǹbù ti Paris wà lára àwọn tó para wọn ní Zaventem.

Ìtàn Ibrahim El Bakraoui, ẹnì kejì tó fi bọ́ǹbù para rẹ̀ ní pápákọ̀ náà, ló yẹ kí ẹni tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí kà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 2010, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún un nítorí pé ó yìnbọn Kalashnikov lu ọlọ́pàá ní Brussels. Wọ́n tú u sílẹ̀ pẹ̀lú májẹ̀mú kí ọdún rẹ̀ tó pé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ọlọ́pàá Tọ́kì mú un ní Gaziantep nítòsí ẹnubodè Síríà, wọ́n sì dá a padà sí Yúróòpù, sí Netherlands. Ààrẹ Erdoğan sọ lẹ́yìn ìkọlù Brussels pé àwọn fi tó Bẹ́ljíọ̀mù létí. Ẹni tó ti yìnbọn lu ọlọ́pàá, tó wà lábẹ́ májẹ̀mú, tí wọ́n mú ní ẹnu ọ̀nà Síríà: ìdí mẹ́ta ló wà láti dá a padà sí ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ tó balẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n àti ilé ẹjọ́ mọ nípa májẹ̀mú náà, aṣojú ọlọ́pàá Bẹ́ljíọ̀mù ní Tọ́kì mọ nípa Gaziantep, àwọn méjèèjì kò sì pàdé lásìkò. Koen Geens, mínísítà ètò ìdájọ́, àti Jan Jambon, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, olóòtú ìjọba Charles Michel ni kò gbà á lọ́wọ́ wọn.

Bákan náà ni ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ọkùnrin tó gbé ìbọn wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Amsterdam lọ sí Paris ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2015, tí àwọn èrò dì mú, Abaaoud ló rán an. Sípéènì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ fún Faransé ní ọdún kan ṣáájú.

Ẹ má ṣe sọ àìbìkítà di ọ̀tẹ̀

Àwọn kan, nígbà tí wọ́n bá rí bí orúkọ ṣe pọ̀ tó nínú àkọsílẹ̀, máa ń sọ pé ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn-ún gbọ́ lórí WhatsApp. Oṣù mẹ́wàá ni ilé ẹjọ́ fi gbọ́ ẹjọ́ náà, ó lé ní 2,000 ènìyàn tó dúró gẹ́gẹ́ bí olùfisùn nítorí pé wọ́n pàdánù ènìyàn tàbí wọ́n fara gbọgbẹ́, kò sì sí ẹ̀rí kan tó jáde fún irú ìyẹn. Ohun tó jáde ni ìwé tí a kò kà tán, ìpè tí a kò dáhùn, àti òṣìṣẹ́ tó rò pé ẹlòmíràn ti mú un ṣe.

Ẹ má ṣe ka ọ́fíìsì tuntun sí ojútùú

Ìgbìmọ̀ Fenech dábàá pé kí Faransé dá àjọ kan ṣoṣo sílẹ̀ tí yóò máa darí gbogbo ìjà lòdì sí ìgbésùnmọ̀mí, torí pé ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́fà ni ilẹ̀ náà ní, tí wọ́n sì wà lábẹ́ mínísítà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjọba kò gba àbá náà bó ṣe wà. Ní ọdún 2017, Ààrẹ Emmanuel Macron gbé ibùdó ìṣọ̀kan kan kalẹ̀ sí ọ́fíìsì ara rẹ̀, ọdún 2019 sì ni wọ́n dá ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba tó wà fún ìgbésùnmọ̀mí nìkan sílẹ̀. Europol, àjọ ọlọ́pàá àpapọ̀ Yúróòpù, ṣí ẹ̀ka tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ilé aṣòfin Yúróòpù fọwọ́ sí òfin pé kí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa fi orúkọ èrò ránṣẹ́ sí ìjọba, lẹ́yìn tí wọ́n ti jiyàn lé e lórí fún ọdún márùn-ún. Òfin náà kì bá tí kan Salah Abdeslam, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ń wà kiri.

Èyí tí ìbá kàn án kò ní ọ́fíìsì, kò sì sí ẹni tó gé rìbọ́ọ̀nù fún un. Ìlà díẹ̀ ni nínú òfin tuntun tó ń darí àkọsílẹ̀ Schengen, pé ọ̀ràn tó bá ti jẹ mọ́ ìgbésùnmọ̀mí ti tó ohun tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an, kí ẹni tó bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ní orílẹ̀-èdè mìíràn lè rí i. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2018, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Cambrai.